Ọjọ́ Kan Létí Òkun Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Nìkan Ń Gbéni Dé

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Atlanta ti ń fi ìgbafẹ́ kan lọ àwọn òbí wọn ní Kudenda, ní Kàdúná níbí, báyìí. Wọn a ní kí ìyá tàbí bàbá wá kí àwọn, kí gbogbo ilé sì jọ wọ ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé èèyàn kiri fún fàájì, títí dé erékùṣù kan tó wà lábẹ́ àkóso iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ọ̀hún. Èrò ọkọ̀ náà nìkan ló ń dé etí òkun ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọmọ lókè òkun, tàbí tí físà kò bọ́ sí lọ́wọ́, lè rí irú rẹ̀ nílé níbí: kó dé Èkó, kó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èbúté Victoria Island, kó gba orí omi lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ilashe. Owó wọn kò dọ́gba, ọkọ̀ wọn kò tóbi bákan náà, àmọ́ bí a ṣe ń lo ọjọ́ náà kò yàtọ̀. Ohun méjì ló gbé e dúró: wákàtí tí ọkọ̀ ń padà, àti irú omi tó wà níwájú ẹni. Mo fẹ́ ṣàlàyé méjèèjì fún àwa tí a ń gbé níbi tí kò sí òkun, nítorí àwa ni òkun tètè máa ń tàn jẹ.

Iléeṣẹ́ Norwegian Cruise Line ló kọ́kọ́ gbé irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n ra Great Stirrup Cay, erékùṣù kékeré kan ní Bahamas. Royal Caribbean tẹ̀ lé wọn ní 1986, nígbà tí wọ́n gba Labadee háyà ní etí òkun àríwá Haiti. Holland America ra Little San Salvador ní 1996, wọ́n sì sọ ọ́ di Half Moon Cay. Disney ṣí Castaway Cay ní 1998. Nígbà tó di 2019, Royal Caribbean ti ná 250 mílíọ̀nù dọ́là láti tún CocoCay ṣe, MSC sì ṣí Ocean Cay lọ́dún náà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa yanrìn tà tẹ́lẹ̀. Celebration Key ti Carnival, ní Grand Bahama, ṣí ní 2025.

Ìdí tó fi jẹ́ pé Bahamas ni ọ̀pọ̀ wọn wà kò fara sin. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1886 tí kò gbà kí ọkọ̀ tí wọn kò kàn ní Amẹ́ríkà kó èrò ní Miami, kó gbé wọn yí ká lórí omi, kó sì já wọn sí Miami padà láì yà sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Bahamas sì rèé, kò ju ìrìn òru kan lọ sí Florida. Owó ni ìdí kejì. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ìlú bíi Nassau, èrò á sọ̀kalẹ̀, á ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà, á jẹun ní búkà, á wọ takisí. Ní erékùṣù aládàáni, ohun tó bá ná ń padà sápò iléeṣẹ́ kan náà. Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ ti mọ èyí láti ilé, torí òun ló fà á tí ohun ọ̀fẹ́ àti ohun olówó fi jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀.

Káàdì tí wọ́n bá fún yín nínú ọkọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yín, òun ni owó yín, òun náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń padà. Oúnjẹ ọ̀sán sábà máa ń wà nínú owó tí ẹ ti san. Ọtí àti ọ̀pọ̀ ohun mímu dídùn kò sí nínú rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti ra ti odindi ìrìn-àjò náà ṣáájú. Ní CocoCay, àga ìnàyìn lórí yanrìn kò gba owó, Oasis Lagoon náà kò gbà á, ìyẹn adágún ńlá tí kò ní iyọ̀, tí kò sì ní ìgbì. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn àgbà wa tí kò mọ omi í lúwẹ̀ẹ́ jókòó sí, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí wọ́n máa wo àwọn ọmọ. Ọgbà eré omi tí wọ́n ń pè ní Thrill Waterpark ń gba owó ọ̀tọ̀. Hideaway Beach, tó jẹ́ ti àwọn tó ti lé ní ọdún 18, ń gba tirẹ̀. Bàlúùnù tó ń gbé èèyàn sókè tó 450 ẹsẹ̀ bàtà náà ń gba tirẹ̀. Kí ẹbí jókòó ní alẹ́ àná ọjọ́ náà, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa sanwó fún, kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù máa lọ. Àwọn ọmọdé kì í sinmi ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá ti dé ìdí ohun eré, bàbá tí kò sì fẹ́ dójú ti ara rẹ̀ níwájú ọmọ-ọmọ á máa na káàdì síwájú títí owó oṣù ẹnì kan á fi wọlé sí i.

Àjọ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kó owó irú ìrìn-àjò báyìí jọ. Ó máa ń wú mi lórí pé àwọn ará Bahamas náà ń dá a, asue ni wọ́n ń pè é, látinú èsúsú wa. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Bìrìtìkó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n já wọn sí Bahamas, tí wọ́n sì di ọmọ ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bu ìrẹsì fún yín ní erékùṣù náà lè máa retí ìgbà tí àjọ tirẹ̀ máa kàn án. Ẹ kí i. Ẹ bi í léèrè ìlú rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà ló ń dá ọ̀pọ̀ ará Kudenda dúró. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Florida, tó sì kan Bahamas, ẹ ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún wọlé. Físà tó gbà yín láàyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ẹ nílò. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí kò sì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tí ti àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé rẹ̀ lè máa múra. Ẹni tó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí ìdùnnú ọmọ mú un gun ọkọ̀ tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn aládùúgbò mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo Èkó.

Èèyàn ló jẹ́ kí omi Tarkwa Bay rọlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ ògiri gígùn wọnú òkun lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹnu ọ̀sà Èkó, kí yanrìn má baà dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay sá pamọ́ sí, ìgbì kò sì lè já lù ú tààrà. Òkun wa ń kó yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Ògiri náà dá a dúró, yanrìn sì gbá jọ sí Lighthouse Beach títí ibẹ̀ fi fẹ̀ rẹrẹ. Ní òdìkejì, Bar Beach kò rí yanrìn gbà mọ́. Òkun ń jẹ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún, ó ń wọ títì Victoria Island, títí wọ́n fi mọ odi ńlá síwájú rẹ̀ níbi tí Eko Atlantic wà lónìí. Ẹni tó bá jókòó sórí yanrìn ní apá ibẹ̀, tó ń gbádùn ara rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ògiri yẹn ló ń jẹ.

Àwọn ará abúlé wà ní Tarkwa Bay tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń háyà àga fún àlejò, àwọn ọmọ wọn sì mọ bí a ṣe ń fi pátákó gun ìgbì ju ẹnikẹ́ni lọ ní Èkó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé wọn jáde, wọ́n wó ilé wọn, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kó ẹrù wọn sórí yanrìn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣẹlẹ̀ ní Labadee lọ́nà mìíràn: ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba Port-au-Prince jẹ́, ọkọ̀ ìgbafẹ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀, èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Royal Caribbean ní ọkọ̀ ọ̀hún kó oúnjẹ ìrànwọ́ wá, pé owó tí àwọn èrò ń ná yóò ran Haiti lọ́wọ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i síbẹ̀. Èmi kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Etí òkun tí wọ́n bá sọ di aládàáni, ẹnì kan ti máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ẹnì kan wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé ẹrù kí ẹ sì san án dáadáa, ẹ má ná wọn lójà bí ẹni ń bá wọn jà.

Ilashe wà níwájú sí i, níhà ìwọ̀-oòrùn, láàárín òkun àti omi tó gba Badagry wá. Ilé ìgbafẹ́ ló kún ibẹ̀, ti iléeṣẹ́ àti ti ẹbí, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba àlejò ọ̀sán. Ọkọ̀ á já yín sí ẹ̀yìn ilé, lápá ibi tí omi ti dákẹ́. Ẹ óò rìn gba inú ọgbà kọjá, òkun á sì yọ níwájú. Ní Tarkwa Bay, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ dé lè jókòó. Ní Ilashe, ilé ni ẹ ń háyà. Ẹ gbọ́dọ̀ ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ohun tó wà nínú owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ wà nínú rẹ̀, ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ṣé wọ́n ní omi tútù tí a lè fi ṣan iyọ̀ kúrò lára, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ òkun tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe kókó jù fún mi. Tí onílé bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi lórí rẹ̀, ẹ wá ilé mìíràn.

Láti Kudenda, ẹ má ṣe gbìyànjú pé ẹ fẹ́ dé Èkó kí ẹ sì dé òkun lọ́jọ́ kan náà. Bóyá ọkọ̀ òfuurufú ni, bóyá ẹ bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àbújá kí ẹ tó fò, ìdádúró kò ṣeé mọ̀. Ẹ sùn sí Èkó mọ́jú. Ìgbà tó dára jù ni oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ìgbì ńlá máa ń ti ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì wá lu etí ilẹ̀ wa, òjò sì ń rọ̀. Kò sí ohun tí ará òkè ọya ń wá létí òkun nígbà náà. Oṣù Kejìlá ní tirẹ̀ dùn, àmọ́ àwọn tó ti òkè òkun dé ti gba gbogbo ilé, owó á sì ti fò sókè. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì ni ìyàn tèmi. Ọyẹ́ ti gbẹ ètè wa ní Kàdúná nígbà náà, atẹ́gùn òkun a sì jẹ́ ìtura gidi fún ara.

Ẹ dé èbúté ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Tarkwa Bay kì í pẹ́ lórí omi, bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ti Ilashe pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ẹ gba láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún olúkúlùkù, kí ẹ sì dè é pa. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà: èyí tó bá tóbi jù á yọ lọ́rùn ọmọ nínú omi, á sì léfòó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìkọ́ tàbí okùn rẹ̀ dáadáa, ẹ fà á wò. Tí wọ́n bá ní jákẹ́ẹ̀tì kò kárí, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Tí èrò bá pọ̀ ju ìjókòó lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má tijú. Àwọn ará Èkó lè máa wò yín bí ará oko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Ẹ kó fóònù àti owó sínú ọ̀rá kí ẹ so ó, nítorí omi ń ta sí ara àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀ náà, ẹ fi pè é lójú rẹ̀ kó dún, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí wákàtí tó máa padà wá. Tí kì í bá ṣe pé ilé tí ẹ háyà ló ni ọkọ̀, ẹ san owó lílọ, kí ẹ mú owó àbọ̀ dání. Awakọ̀ tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín kì í gbàgbé yín.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, òun ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Odò Kàdúná ló kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Kudenda ní ìlúwẹ̀ẹ́. Odò náà ti òkè Jos ṣàn wá, ó kọjá lára ìlú wa, ó wọ adágún Shiroro, ó sì dà sínú Odò Ọya kí omi rẹ̀ tó rí òkun. Lákòókò òjò, ó máa ń kún dé ilé àwọn kan ládùúgbò wa, a sì bẹ̀rù rẹ̀ bó ti yẹ. Lẹ́ẹ̀rùn, ó máa ń fà débi pé àwọn tó ń wa yanrìn á dúró nínú rẹ̀. Àmọ́ kíkún rẹ̀ ni o, fífà rẹ̀ ni o, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣàn. Ẹni tó bá rẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ kó gbé òun díẹ̀, kó sì já sí bèbè nísàlẹ̀. Bèbè kò jìnnà lọ́tùn-ún, kò jìnnà lósì. Ọmọ tó ti dàgbà pẹ̀lú irú omi yìí á rò pé òun mọ omi.

Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì ń ti omi wá sí etí ilẹ̀, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Òkìtì yanrìn wà lábẹ́ omi nítòsí etí òkun, orí rẹ̀ ni ìgbì ti ń fọ́. Omi tó bá ti ré òkìtì yìí kọjá á há sí ẹ̀yìn rẹ̀, á wá àyè tó wà láàárín òkìtì kan àti èkejì, á sì gba ibẹ̀ ya padà sínú òkun pẹ̀lú agbára. Ibi tó ń gbà yìí ló máa ń tan àjèjì jẹ, torí ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ jù lójú. Ìgbì ń fọ́ funfun lọ́tùn-ún, ó ń fọ́ funfun lósì, àárín dúdú tàbí kó pọ́n fún yanrìn, kò sí ìgbì kankan níbẹ̀. Ìyá tó ń wá ibi jẹ́jẹ́ fún ọmọ rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ dúró sórí yanrìn gíga fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sí omi, ẹ kàn máa wo ibi tí ìgbì ń fọ́ àti ibi tí kò fọ́. Tí koríko tàbí pàǹtí bá ń léfòó kúrò ní etí ilẹ̀ lọ sínú, ẹ ti rí ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọdé má débẹ̀.

Omi yìí kì í fa èèyàn wọ ìsàlẹ̀, ó kàn ń gbé e jìnnà sí ilẹ̀ ni. Ohun tó ń pani ni pé ẹni tó bá gbé á kọjú sí ilẹ̀, á máa bá omi náà du ọ̀nà títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè borí rẹ̀ nígbà tó bá le. Ó lè yá ju àwọn tó ń gba wúrà ní Òlíḿpíìkì lọ. Tó bá gbé yín, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ jẹ́ kó máa gbé yín, ẹ na ọwọ́ kan sókè kí ẹ sì pariwo. Ọ̀nà rẹ̀ kì í fẹ̀. Tí ẹ bá ní agbára, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí etí ilẹ̀ wà ní apá kan yín, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí ìgbì ti yín padà wá sí etí ilẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí láti Kudenda, lórí ẹní nínú pálọ̀, kí wọ́n dùbúlẹ̀ kí wọ́n sì fi ara hàn yín bí wọ́n á ṣe ṣe é. Fún àwọn tó wà lórí ilẹ̀, ohun kan wà tó ṣòro láti gbọ́ràn sí: ẹ má ṣe fò sómi tẹ̀ lé ẹni tí omi gbé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bàbá tó sáré wọlé láti gba ọmọ ni òkun ń gbé lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé lẹ́nu pa, kúlà, ohunkóhun tó lè léfòó ni kí ẹ jù sí i, kí ẹnì kan sì sáré pe ẹni tó mọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì wà nínú ẹrù gbogbo ẹbí tó ń lọ, kí okùn gígùn sì wà lára ọ̀kan.

Tarkwa Bay ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, nítorí ògiri òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní Ilashe, tí òkun ṣí sílẹ̀ pátápátá, kí omi má ṣe kọjá orúnkún ẹni tí kò bá mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ní àwọn erékùṣù Bahamas, omi kì í jìn nítòsí ilẹ̀, àwọn olùṣọ́ wà lórí àga gíga, àsíá pupa sì túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Ìjì líle ni ewu tiwọn, láti oṣù Kẹfà sí ìparí oṣù Kọkànlá. Níbi tí ọkọ̀ ńlá kò bá ti lè sún mọ́ ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó èrò lọ. Bí ìgbì bá sì le, ọ̀gá ọkọ̀ á ní kò sí lílọ mọ́. Wọ́n á dá owó eré tí ẹ ti san padà, owó ọkọ̀ kò ní padà. Ẹ má bínú sí i.

Aṣọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ìró ańkárá nínú òkun a máa wúwo, a sì máa wé mọ́ni lẹ́sẹ̀, kí àwọn ìyá tú u sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ omi. Àwọn Mùsùlùmí obìnrin wa lè ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo orí dé ọrùn ẹsẹ̀; ó fúyẹ́, kì í sì í mu omi. Fún ìrun ọ̀sán, ẹní kan lábẹ́ òjìji ti tó. Oúnjẹ tí ẹ bá sè láti ilé dára ju èyí tí ẹ máa rà lọ, kí ìrẹsì àti dòdò wà nínú kúlà kan, kí omi mímu àti ọsàn wà nínú èkejì. Omi mímu ni kí ó pọ̀ jù. Oòrùn Èkó ń bọ́ láti òkè, ó tún ń ta láti ojú omi, atẹ́gùn kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òógùn ń tán lára yín. Láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta, ẹ jókòó sábẹ́ òjìji. Àkókò yẹn ni kí ẹ jẹun, kí ẹ sùn, kí ẹ ta ayò. Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí, kó ti parí ọ̀rọ̀ omi ná.

Wákàtí ìpadà kò ní àdéhùn méjì. Àwọn aláṣẹ ojú omi, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní LASWA, kò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò rìn lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí igi àti àwọ̀n pọ̀ lójú omi, ọkọ̀ mìíràn kò sì ní iná. Aago mẹ́rin ni kí ẹ fi àdéhùn sí, kí àyè lè wà tí awakọ̀ bá pẹ́. Ẹ pè é ní aago mẹ́ta. Tí òkùnkùn òjò bá ṣú ní ọ̀nà ìlà-oòrùn, ẹ má dúró de aago mẹ́rin, ẹ lọ kó tó dé, tàbí kí ẹ jókòó sínú ilé títí yóò fi kọjá. Kí ó má ṣe bá yín láàárín omi. Ní ti ọkọ̀ òkun ńlá, wákàtí tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé máa ń ṣáájú wákàtí tí ọkọ̀ ń ṣí, ó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fún yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fóònù lè yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ mìíràn, kó sì fi wákàtí kan tàn yín jẹ. Aago ọwọ́ tí ẹ ti ṣètò nínú ọkọ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó kó èèyàn tó lé ní 7,000, bí Icon of the Seas ṣe lè kó, kò lè dúró de ìdílé kan.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà ní Ilashe tàbí Tarkwa Bay, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ, pàápàá láàárín itan àti lọ́rùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara á máa ta wọ́n lóru. Ẹ kó ọ̀rá àti ìgò yín. Ẹ tún de láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ó máa ń rẹ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì fẹ́ fi í ṣe ìrọ̀rí. Kí àgbà kan dúró ní ẹnu ọkọ̀, kó máa ka orí bí wọ́n ṣe ń wọlé, kó sì tún un kà nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó tán, kí ó tó sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.